Iyọ̀ Inú Eegun: Ẹ̀kọ́ Lórí Sìmẹ́ńtì Eegun àti Àwọn Èròjà Kíún Tí A Ń Pò Mọ́ Ọn

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa nínú ìwé àjọ̀dún yìí, àwa olùkọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tún mú ẹ̀kọ́ kan wá tí a gbà pé yóò wúlò nínú ilé, tí kì í ṣe nínú yàrá ìkàwé nìkan. Ìbéèrè ìyá kan ni ó bí ẹ̀kọ́ ti ọdún yìí.

Ìyá náà ń ta ata ní ọjà Mile 12. Ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, ni ọ̀kadà kọlù nígbà tí ó ń sọdá títì ní Ketu. Eegun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́, ó yọ síta, díẹ̀ lára rẹ̀ sì rún dànù. Nígbà tí egbò náà ti san, àwọn dókítà ṣàlàyé fún ìyá pé àlàfo wà láàárín eegun méjèèjì tí ó yẹ kí ó so pọ̀, àti pé àwọn yóò bù díẹ̀ lára eegun ìbàdí ọmọ náà láti fi dí i. Ìyá wá bá wa pẹ̀lú omijé lójú. Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbà mí o. Ẹsẹ̀ ló ṣẹ́, wọ́n tún fẹ́ lọ gé ìbàdí. Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n lè fi dí i ni?” Ó wá fa ike oògùn mẹ́ta yọ nínú àpò rẹ̀, èyí tí ó rà lọ́wọ́ ẹni tí ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ èrò. Wọ́n kọ calcium sára ọ̀kan, wọ́n kọ zinc sára èkejì. Èdè tí a kọ sára ẹ̀kẹta kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní, “Àbí àwọn wọ̀nyí lè dí i láti inú wá?”

Ìbéèrè méjì ni ìyá yìí bi wá, ìbéèrè ọlọgbọ́n sì ni méjèèjì. Ọ̀kan ni pé: ǹjẹ́ a lè rí ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe, tí a lè fi dí àlàfo eegun? Èkejì ni pé: bí èròjà kan bá dára fún eegun, ǹjẹ́ kí a kàn máa fi kún un ni? Ìdáhùn sí èkíní ni sìmẹ́ńtì eegun. Ìdáhùn sí èkejì ni ìwọ̀n.

Ọ̀ràn tí kò jìnnà sí wa

Ní Kosofe, ọ̀rọ̀ eegun kì í ṣe ìtàn ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀nà Ikorodu ni ó gba àárín wa kọjá, láti Mile 12 dé Ketu, kí ó tó forí lé ìsàlẹ̀ Èkó. Lórí ọ̀nà kan náà ni ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Igbobi, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1945 láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi Kosofe kún àwọn àgbègbè tí ọ̀kadà kò gbọdọ̀ ti ṣiṣẹ́ mọ́. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá ní Ketu ní ìrọ̀lẹ́ mọ̀ pé ìròyìn eegun ṣíṣẹ́ kò tíì tán nílẹ̀.

Kì í ṣe ìjàǹbá ọkọ̀ nìkan ní ń dá àlàfo sínú eegun. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa, a máa jẹ́ kí kòkòrò àrùn rí àyè wọ inú eegun ọmọdé. Bí dókítà bá sì fọ ibi tí ó rà kúrò, ihò ni yóò kù. Kókó inú eegun tí a yọ náà a máa fi ihò sílẹ̀. Ọjọ́ ogbó pẹ̀lú a máa sọ eegun àwọn ìyá wa àgbà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ìṣubú kékeré fi ń fọ́ ọ. Ara a máa wo eegun tí ó ṣẹ́ lásán sàn fúnra rẹ̀ bí a bá tò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bá fẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́.

Kí ni eegun?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìdánwò méjì tí a máa ń ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Ẹ mú eegun itan adìẹ méjì tí ẹ ti fọ̀ mọ́. Ẹ ri ọ̀kan sínú ọtí kíkan fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa pààrọ̀ ọtí náà. Ẹ ju èkejì sínú iná èédú títí tí yóò fi funfun. Èyí tí ó wà nínú ọtí kíkan yóò rọ̀ bí rọ́bà. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ láìṣẹ́. Èyí tí ó wà nínú iná yóò dúró bí eegun, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò fọ́ wẹ́wẹ́.

Nínú ọtí kíkan, ásíìdì ti yọ́ òkúta inú eegun kúrò. Okùn ẹran ara tí a ń pè ní collagen ni ó kù. Nínú iná, okùn náà ti jó. Òkúta ni ó kù. Okùn àti òkúta ni Ẹlẹ́dàá fi hun eegun pọ̀, bí bíríkìlà ṣe ń fi irin sínú kọ́ńkéré. Okùn kì í jẹ́ kí ó ṣẹ́ kíákíá, òkúta kì í jẹ́ kí ó tẹ̀.

Orúkọ òkúta náà ni hydroxyapatite. Calcium àti phosphate ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: bí átọ̀mù calcium bá jẹ́ 10, ti phosphorus yóò jẹ́ 6. Nínú gbogbo calcium tí ó wà lára ènìyàn, ìdá 99 nínú 100 ni ó wà nínú eegun àti eyín. Eyí ni a máa ń kọ sójú pátákó, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n òkúta inú eegun alààyè kò dá wà bí ó ti wà lójú pátákó. Àwọn èròjà mìíràn wọ inú rẹ̀: magnesium, tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀, zinc, strontium, fluoride àti silicon, tí wọ́n tilẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. Àwọn wọ̀nyí ni a pè ní èròjà kíún nínú ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n rí bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í rí iyọ̀ nínú àwo, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá tọ́ ọbẹ̀ wò ni yóò mọ̀ bí kò bá sí níbẹ̀, tí yóò sì mọ̀ bí ó bá ti pọ̀ jù.

Bí a ṣe dé orí sìmẹ́ńtì eegun

Eegun ara ẹni, bí irú èyí tí àwọn dókítà fẹ́ bù nínú ìbàdí ọmọ wa, ni ohun tí àwọn oníṣẹ́-abẹ ṣì gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ìdí rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì alààyè wà nínú rẹ̀, ara kò sì ní kọ̀ ọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń dá ojú egbò kejì sílẹ̀, ó ń dunni, èyí tí a lè bù kò sì pọ̀. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ti ń wá ohun mìíràn tipẹ́tipẹ́.

Ní ọdún 1892, dókítà ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Dreesmann ròyìn pé òun fi P.O.P. dí ihò inú eegun. P.O.P. náà nìyẹn tí ẹ mọ̀, tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé ní gbogbo Èkó, tí wọ́n sì fi ń di ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́. A fi omi pò ó, ó sì gan. Àléébù rẹ̀ nínú ara ni pé ó máa ń yọ́ tán kí eegun tuntun tó hù dé ibẹ̀. Ní ọdún 1920, Albee ará Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí ìyẹ̀fun calcium phosphate tí ó fi sínú àlàfo eegun. Èyí sún mọ́ òkúta inú eegun ju P.O.P. lọ, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun lásán ni, kò gan. Nígbà tí ọdún 1950 sí 1960 ń parí lọ, Charnley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríṣi ike kan tí ń gan lẹ oríkèé irin mọ́ eegun ìbàdí. Ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní sìmẹ́ńtì eegun títí di òní, ó sì wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ike ni, ike ni yóò sì máa jẹ́. Kò lè di eegun láéláé.

Àwọn tí ó rí ọ̀nà tuntun kò tilẹ̀ wá eegun lọ. Brown àti Chow, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín ní Amẹ́ríkà, ń wá lẹ́ẹ̀dì tí yóò dá òkúta eyín tí ó ti ń jẹrà padà. Ní àárín ọdún 1980 sí 1990 ni wọ́n fi hàn pé bí a bá pò ìyẹ̀fun calcium phosphate oríṣi méjì pọ̀, tí a sì bu omi sí i, ìyẹ̀fun méjèèjì yóò yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi náà, wọn yóò sì tún dì padà bí wóró tín-ín-rín tí ó rí bí abẹ́rẹ́, tí wọ́n wọ inú ara wọn bí ẹ̀gún inú igbó. Wóró náà ni hydroxyapatite, òkúta eegun gan-an. Kò gbóná kọjá ìwọ̀n bí ti ike. Oníṣẹ́-abẹ lè fi ọwọ́ mọ ọ́n bá ìrísí ihò, tàbí kí ó fi abẹ́rẹ́ ńlá tì í wọlé. Ní ọdún 1996, àjọ tí ń ṣàbójútó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún dídí àlàfo inú eegun agbárí.

A gbọ́dọ̀ sọ òdodo: sìmẹ́ńtì yìí ní àìlera. Ó lè gbé ẹrù tí a kó lé e lórí, ṣùgbọ́n bí a bá fà á tàbí tí a bá lọ́ ọ, yóò sán, nítorí okùn kò sí nínú rẹ̀. Ẹ rántí eegun tí a sun nínú iná. Nítorí náà kò lè dá dúró níbi tí ara ń gbé ìwúwo lé. Irin ni yóò gbé ẹrù náà títí eegun yóò fi mú. Ohun kejì ni pé bí ó bá jẹ́ calcium àti phosphate nìkan, ara kì í tètè sọ ọ́ di eegun alààyè. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ bí òkúta tí a rì mọ́lẹ̀. Ibí yìí ni àwọn èròjà kíún ti wọlé.

Iṣẹ́ tí èròjà kíún ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé nínú eegun wa, iṣẹ́ ilé kíkọ́ kì í dáwọ́ dúró. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń wó eegun àtijọ́, àwọn mìíràn sì ń tẹ̀lé wọn láti kọ́ tuntun. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní awólé àti bíríkìlà. Bí awólé bá yára ju bíríkìlà lọ, ihò ni yóò kù. Èyí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí eegun àwọn àgbà. Àwọn onímọ̀ wá bèèrè pé: ǹjẹ́ a lè fi sínú sìmẹ́ńtì, ní ìwọ̀n kíún, ohun tí yóò bá bíríkìlà lọ́wọ́, tí yóò sì dẹ awólé dúró díẹ̀?

Strontium ni wọ́n yẹ̀ wò jù. Ìbátan calcium ni, ó kàn tóbi jù ú lọ díẹ̀. Nítorí náà ó lè jókòó sórí àga calcium nínú òkúta eegun. Nítorí pé àga náà fún un díẹ̀, òkúta kò ní le koko mọ́, yóò sì túbọ̀ rọrùn fún ara láti yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó ti ń yọ́ ni strontium ń jáde sí ibi tí iṣẹ́ wà. Ó tún ń jẹ́ kí sìmẹ́ńtì hàn kedere nínú fọ́tò ẹ̀ksíréè, kí oníṣẹ́-abẹ lè rí ibi tí ó dé. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Jámánì tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn eku tí eegun wọn ti fẹ́lẹ́: nínú àlàfo tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tí ó ní strontium dí, eegun tuntun hù ju ti ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì lásán dí lọ.

Magnesium kéré ju calcium lọ. Ó máa ń fa ọwọ́ gíganpá sìmẹ́ńtì sẹ́yìn, kí oníṣẹ́-abẹ lè rí àyè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, wóró hydroxyapatite kò ní dì bí ó ti yẹ. Zinc ní ìwọ̀n kíún a máa ran bíríkìlà lọ́wọ́. Bí ó bá rékọjá ààlà, a máa pa sẹ́ẹ̀lì náà gan-an tí a ní kí ó ràn lọ́wọ́. Ní ti silicon, Edith Carlisle ní Amẹ́ríkà ni ó fi hàn ní ọdún 1970 pé ó ń kóra jọ sí ibi tí eegun tuntun ti ń le lára ọmọ eku. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dán an wò nínú ohun tí a fi ń dí eegun.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń padà wá lórí gbogbo wọn: díẹ̀ ṣe rere, púpọ̀ bà á jẹ́. Àwọn baba wa ní, bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Eegun kì í yan

Èyí ni ọ̀kan pàtàkì ẹ̀kọ́ wa. Eegun dà bí ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn. Èròjà tí ó bá ti jọ calcium tàbí tí ó bá lè rí àga jókòó nínú òkúta rẹ̀, yóò gbà á wọlé, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe ọ̀tá. Orílẹ̀-èdè wa ti rí èyí rí, ojú wa sì rí màbo.

Ẹ wo fluoride. Díẹ̀ nínú ọṣẹ ìfọyín ń mú kí òkúta eyín lè dojú kọ ásíìdì. Ṣùgbọ́n ní ìlú Langtang ní Ìpínlẹ̀ Plateau, fluoride tí ó ti inú ilẹ̀ wọ inú omi tí wọ́n ń mu ti pọ̀ jù, àwọn onímọ̀ sì ti kọ ìwé lórí àwọn ọmọ ibẹ̀ tí eyín wọn kún fún àbàwọ́n. Èròjà kan náà ni. Ìwọ̀n ni ó yàtọ̀.

Ẹ wo òjé. Ní ọdún 2010, ní àwọn abúlé Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta inú èyí tí wúrà wà nínú àgbàlá ilé wọn, láìmọ̀ pé òjé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọdé tí ó lé ní 400 ni ó kú. Nínú àwọn tí ó yè, eegun wọn ni òjé sá pamọ́ sí, nítorí pé ó lè jókòó sórí àga calcium. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó máa yọ́ padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ sì wo strontium fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 1960, ilẹ̀ Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Nínú eruku irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ ni oríṣi strontium kan wà tí ń tú ìtànṣán olóró jáde. Bí ó bá sì bọ́ sára ènìyàn, inú eegun ni ó ń lọ. Àwọn bọ́ǹbù wọ̀nyí ni ó mú kí Nàìjíríà, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, lé aṣojú Faransé lọ ní oṣù kìíní ọdún 1961. Strontium tí a ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì kì í ṣe irú èyí. Òun kì í tú ìtànṣán jáde. Ṣùgbọ́n eegun kò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Àní strontium tí kò ní ìtànṣán pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń ta oògùn mímu kan tí ó ní strontium nínú ní Yúróòpù fún eegun àwọn àgbà. Ní ọdún 2014, àwọn aláṣẹ dín lílò rẹ̀ kù gidigidi nítorí ewu tí ó ń fà fún ọkàn. Ní ọdún 2017 ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ohun tí a gbé mì ń kárí gbogbo ara kí ó tó dé eegun. Ìdí kan nìyí tí àwọn onímọ̀ fi fẹ́ fi í sínú sìmẹ́ńtì: kí èyí tí ó kéré jọjọ lè jáde síbi àlàfo nìkan, kí ó má dààmú ọkàn. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ṣì wà lọ́dọ̀ eku àti ehoro. A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti di ohun tí à ń rà lórí àtẹ.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde wa, ẹ má rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni iṣẹ́ yìí wà. Àwọn onímọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́ àti ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ti tẹ ìwádìí jáde lórí bí a ṣe lè rí hydroxyapatite láti inú eegun ẹran àti àwọn ohun tí à ń dà nù. Ẹ wo òkìtì eegun màlúù ní ilé ìpẹran Oko-Oba ní Agege. Ẹ wo èèpo ẹyin tí àwọn tí ń dín ẹyin ń dà sẹ́bàá ọ̀nà ní Ketu àti Ikosi láràárọ̀. Eegun màlúù tí a sè, tí a fọ̀, tí a sì sun nínú iná ààrò tí ó gbóná tó bí ìwọ̀n 900 lórí òṣùnwọ̀n Celsius, òkúta eegun ni yóò kù nínú rẹ̀. Èèpo ẹyin náà kún fún calcium; bí a bá fi phosphate bá a ṣiṣẹ́, yóò di ohun kan náà.

Ohun tí ó mú kí inú àwọn onímọ̀ dùn sí irú ohun èlò yìí ni pé kò wá lọ́wọ́ òfo: magnesium, strontium àti àwọn èròjà kíún mìíràn ti wà nínú rẹ̀ láti inú ẹran wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Zamfara kò gbọdọ̀ kúrò lọ́kàn wa. Màlúù tí ó jẹ koríko lẹ́bàá ọ̀nà tí èéfín ọkọ̀ àti eruku bátìrì ti bà jẹ́ lè gbé òjé sínú eegun rẹ̀. Nítorí náà, sísun eegun nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Wíwọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára, lórí ẹ̀rọ tí ó péye, lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, ni iṣẹ́ gan-an. Bí ẹnì kan nínú yín bá ń wá ibi tí yóò lo owó tàbí ìmọ̀ rẹ̀ sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ti òṣùnwọ̀n àti ẹ̀rọ ìdánwò ní yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Ìdáhùn tí a fún ìyá náà

Ní ti ìbéèrè kìíní, a sọ fún un pé sìmẹ́ńtì eegun wà, ṣùgbọ́n pé fún ojúgun ọmọ tí yóò máa gbé gbogbo ara rẹ̀ lé e, tí eegun ara rẹ̀ sì wà tí a lè bù, ìmọ̀ràn àwọn dókítà náà dára. Ìbàdí yóò dùn ún fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bíríkìlà alààyè ni wọ́n ń gbé lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ti ike oògùn mẹ́ta, a sọ fún un ìtàn àwọn ọmọ ìlú Jos. Láàárín àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ nítorí àìle eegun, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé vitamin D ni ó dín, èyí tí oòrùn máa ń fún ni. Ìwádìí tí àwọn dókítà ṣe fún ọmọ 123 níbẹ̀, tí ó sì jáde ní ọdún 1999, fi hàn pé calcium inú oúnjẹ wọn ni ó kéré jù, bí ìwọ̀n 200 mílígíráàmù lóòjọ́. Àwọn tí wọ́n fún ní 1,000 mílígíráàmù calcium lóòjọ́ sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní vitamin D nìkan lọ. Wọ́n kọ́kọ́ wá ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó, kí wọ́n tó fi kún un. Oògùn inú ọkọ̀ kò mọ ohun tí ó kù. Ó kàn ń fi kún ni. A ní kí ó kó ike náà lọ fún dókítà wò, kí ó má sì fún ọmọ lò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. A ní kí ó máa fún un ní edé, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ pẹ̀lú eegun rẹ̀, wàrà àti ẹ̀fọ́, èyí tí ó pọ̀ ní ọjà tí òun gan-an ti ń tajà.

Fún gbogbo òbí tí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá kàn, ìbéèrè mẹ́rin ni a rò pé ó yẹ kí ẹ bi dókítà:

1. Ṣé àlàfo yìí yóò lè dí fúnra rẹ̀ bí a bá dúró, àbí ó fẹ́ kí a dí i?
2. Kí ni ẹ ó fi dí i: eegun ara rẹ̀, sìmẹ́ńtì tí ń di eegun, tàbí ti ike? Kí ni ìdí?
3. Kí ni yóò máa gbé ìwúwo ara títí yóò fi mú?
4. Ǹjẹ́ èròjà kan kù nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí oúnjẹ ọmọ yìí tí ẹ ti dán wò, kí a tó fi ohunkóhun kún un?

Ọmọ náà ti padà sí kíláàsì. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀pá rìn, kí ó tó jù ú nù. Ní ọjọ́ tí a ṣe ìdánwò eegun adìẹ, òun ni ó di eegun tí ó rọ̀ bí rọ́bà mú, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ títí tí gbogbo kíláàsì fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó bi wá pé, “Sà, èló ni èyí tí ó tó?” A ní kí ó lọ gbé òṣùnwọ̀n wá.

Àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ fẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹ́ iyọ̀ níbikíbi tí wọ́n bá dé. Àwa tí a ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé ọmọ pàápàá dà bí eegun: ohun kíún tí a bá fi sínú rẹ̀ ní ìgbà èwe ni yóò máa gbé kiri. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ohun tí ó yẹ kí a fi sí i, àti ìwọ̀n rẹ̀.